Ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àgbéyẹ̀wò kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí mò ń gbé yẹ̀ wò níbí, ìyẹn irú tí wọ́n ń gbé ọmọ sí tí àgbà ń tì, ni èyí tó ní ẹsẹ̀ (wíìlì) kan níwájú, méjì lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Mountain Buggy ti New Zealand ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni BOB ti Amẹ́ríkà, Thule ti Sweden, àti Out 'n' About tó ń ṣe Nipper nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tòkunbọ̀ rẹ̀ náà ń dé Èkó àti Ìbàdàn. Aṣọ àti àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń rà á máa ń kọ́kọ́ wò, èmi ò sì fara mọ́ ọn. Aṣọ ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé rán. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ti bàjẹ́ látilẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun tó, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kan ilẹ̀, kò ní sí èyí tó rọ̀ dirodiro bíi ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí Phil Baechler, oníròyìn kan ní Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, gùn lé nìyẹn lọ́dún 1984 nígbà tó fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere sí kẹ̀kẹ́ ọmọ kó lè máa ti ọmọ rẹ̀ sáré. Ohun tó ṣe ló di Baby Jogger. Àmọ́ ìwà rere yìí ní àbùkù tirẹ̀: igun ọ̀tún àti igun òsì níwájú kò ní ohun tó gbé wọn dúró. Bí ẹ bá fi eré yí kọ̀rọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan gun etí títì tí èkejì kò gùn ún, igun tó ṣófo yẹn ni kẹ̀kẹ́ máa wó sí. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa ti àbúrò rẹ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ yìí láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ẹsẹ̀ iwájú. Ọ̀kan kì í yí sọ́tùn-ún tàbí sósì rárá. Ti àwọn asáré ni, ó máa ń lọ tààrà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ọwọ́ ìtì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó lè yí i nínú ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ń yí káàkiri, ó sì ní ìdè tí ẹ fi lè tì í kó má yí mọ́. Oríṣi kejì yìí ni mo máa ní kí ẹ rà bí kì í bá ṣe eré sísá nìkan ni ẹ fẹ́ ẹ fún. Ẹ tú u sílẹ̀ ní ọjà àti lórí ilẹ̀ dídán. Ẹ tì í pa bí ẹ bá fẹ́ sáré, bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tàbí tí ẹ bọ́ sínú iyanrìn. Bí ẹ bá sáré láìtì í pa, òkúta kékeré kan tó láti yí ẹsẹ̀ iwájú sí ẹ̀gbẹ́ lójijì, kẹ̀kẹ́ á sì dojú dé tọmọtọmọ.

Nípa títóbi ẹsẹ̀, méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tó jẹ́ ti ìrìn ojoojúmọ́, íǹṣì 12 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú èyí tó jẹ́ ti eré sísá, íǹṣì 16 ló wà lẹ́yìn, íǹṣì 12 níwájú. Ẹsẹ̀ ńlá ń gba kòtò àti gbòǹgbò igi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè. Thule Urban Glide 2 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 69, ó sì wúwo tó kílò 11.5. Ẹ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó sanwó, láti ara férémù kan dé èkejì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹ wọn ilẹ̀kùn líìfù àti búùtù ọkọ̀ náà. Ẹni tó ń gbé àjà kẹta tí kò ní líìfù, kó má rà á rárá. Kílò mọ́kànlá pẹ̀lú ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí olùtajà fún un yín kí ẹ ká a fúnra yín, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan bí ẹni tó gbé ọmọ dání. Ní London, àyè kan náà tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ń dúró sí nínú bọ́ọ̀sì jẹ́ ti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn ló sì ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́. Nínú ẹjọ́ tí Doug Paulley, tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, bá iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì FirstGroup ṣe, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní UK dá ní oṣù kìíní 2017, wọ́n sọ pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ oníkẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan kó sì fi í sílẹ̀. Ẹ máa ká a. Èyí tí kò bá ṣeé ká láìbẹ ẹlòmíràn lọ́wẹ̀ kò yẹ fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì.

Kò sí ìjà nípa ọjọ́ orí. Ọmọ tuntun kò lè dá ọrùn dúró, nítorí náà àyè tó lè tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí ibùsùn tí wọ́n ń gbé lé orí férémù ni kó wà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà sáré. BOB ní tiwọn ní kó pé oṣù mẹ́jọ. Ní ti ìwúwo, ìlànà Yúróòpù, EN 1888, ní apá méjì: ọ̀kan fún ọmọ tí kò ju kílò 15 lọ, èkejì dé kílò 22. Ẹ wá nọ́ńbà yìí lára férémù.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ fara balẹ̀ sí ìdè tó mú ẹsẹ̀ iwájú mọ́ fọ́ọ̀kì, kì í ṣe èyí tí kì í jẹ́ kó yí. Púpọ̀ nínú wọn ń lo ọwọ́ kékeré tí wọ́n ń ṣẹ́ po kí ẹsẹ̀ lè yọ kíákíá, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ẹ bá kàn ń yí ọwọ́ yẹn bíi nọ́ọ̀tì láìṣẹ́ ẹ po, ó máa dà bíi pé ó ti mú, kò sì mú. Ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì òdìkejì, kí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tó bá dé ìdajì ọ̀nà, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í dópin. Bó bá rọrùn láti tì, kò tíì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè kí ẹ fi ọwọ́ gbá táyà láti òkè. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní 2018 àjọ CPSC tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà gbé Britax tó ni BOB lọ síwájú adájọ́ nítorí ìdè yìí, kí wọ́n tó fẹnu kò lọ́dún kan náà lórí ìlanilọ́yẹ̀ àti ohun èlò àtúnṣe fún àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú òpin oṣù kẹsàn-án 2015. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ọdún tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kí n tó béèrè iye rẹ̀. Inú bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù nísàlẹ̀ ló wà. Bí wọ́n bá ti ya bébà yẹn kúrò, ẹ wá òmíràn.

Ó wá kan ìtọ́jú, afẹ́fẹ́ sì ni olórí rẹ̀. Túùbù kékeré máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láìjò, nítorí náà ẹ fi géèjì wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Fún púpọ̀ nínú wọn, 30 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), tí í ṣe nǹkan bíi 2 bar, ni òpin. Bí nọ́ńbà ara táyà bá ju ti ìwé ìlò lọ, èyí tó kéré ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí rímù wọn sábà máa ń jẹ́ ike. Mo fẹ́ràn 25 sí 28 lórí ọ̀dà, àti nǹkan bíi 20 lórí ilẹ̀ pupa tàbí iyanrìn, kí táyà lè fẹ̀ díẹ̀ kó má rì, kó sì máa gba gbígbọ̀n mọ́ra fún ọmọ. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi psi mẹ́rin tàbí márùn-ún kéré sí èkejì, kẹ̀kẹ́ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ó sì máa rò pé ẹsẹ̀ iwájú ló wọ́.

Fáàfù rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, nítorí náà fọ́kánáísà èyíkéyìí lè fẹ́ ẹ. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ti táyà ọkọ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, túùbù íǹṣì 12 ti bẹ́. Ẹ ní kó máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, kó máa fi géèjì wò ó lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Páńpù ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ológeere ló dára jù. Ẹ má sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn pẹ̀lú táyà tó kún dé òpin, torí ooru á tún fi kún un.

Bí ó bá jò, ẹ yọ ẹsẹ̀ náà, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí ẹ fi ike pẹlẹbẹ méjì yọ etí táyà. Ẹ má lo sukúrù-díráfà. Á fa túùbù ya níbòmíràn. Ẹ fẹ́ túùbù díẹ̀, kí ẹ tì í bọ omi, ibi tó bá ń hó ni ihò wà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sánpépà ha á, ẹ fi súlúṣọ̀n pa á, ẹ dúró títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ẹ tó tẹ páàṣì lé e. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi àkísà nu inú táyà yípo. Ẹ̀gún tó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, òun ló sì ń mú kí táyà tún jò lọ́jọ́ kejì tí wọ́n á fi máa bú fọ́kánáísà. Ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí túùbù kó má bàa ká, ẹ tì í wọlé, ẹ wò ó yípo pé etí táyà kò fún túùbù mọ́lẹ̀, kí ẹ tó fẹ́ ẹ kún.

Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń gbọ̀n bí ẹ bá yára, ẹ wo táyà iwájú, ìdè ẹsẹ̀, àti bóyá ẹsẹ̀ jókòó dáadáa sínú fọ́ọ̀kì, bí mo ṣe tò ó yẹn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, tí fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń mì níbi tó ti wọnú férémù, ohun tó wà níbẹ̀ ti jẹ, ó di kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé ọmọ kúrò, ẹ ti ẹsẹ̀ iwájú pa, ẹ tì í lórí ilẹ̀ ilé tó tẹ́jú kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹ má dán an wò lórí títì, torí títì máa ń dà sí gọ́tà. Lára àwọn kan, irú BOB, kókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń yí láti tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i.

Bíréèkì tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ń ti irin kékeré méjì wọnú eyín tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn títẹ̀ ẹ́, ẹ mi kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó wọlé. Irun, okùn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ẹ máa yọ wọ́n. Èyí tó ní bíréèkì ọwọ́, ìdínkù eré ló wà fún, kì í ṣe ìdúró. Ẹ fi okùn ààbò sí ọrùn ọwọ́ yín lórí òkè.

Àpò ọjà kì í gbé lórí ọwọ́ ìtì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ kúrò, àpò yẹn á fa kẹ̀kẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Bí ọmọ bá fúyẹ́, á fà á tọmọtọmọ. Apẹ̀rẹ̀ abẹ́ ni kí ẹ lò, láàárín ìwúwo tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gun etí títì, ẹ tẹ ọwọ́ ìtì mọ́lẹ̀, gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kí ẹ ti méjì ẹ̀yìn gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ́kọ́ kalẹ̀.

Ẹ má fi ìborùn tàbí aṣọ bo iwájú rẹ̀ nítorí oòrùn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn ìyá àgbà ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ kò ní wọlé mọ́, inú rẹ̀ á sì gbóná ju ìta lọ. Ìbòrí rẹ̀ tàbí àwọ̀n ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn etí òkun, ẹ yọ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò, ẹ nu irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé, kí ẹ fín sílíkónì díẹ̀ sí i. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì sí i, torí á máa gba iyanrìn mọ́ra, á sì di ohun tó ń jẹ irin. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ aṣọ, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, láìlo bílíìṣì. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ìdè bẹ́líìtì. Èérún bísíkíìtì ló sábà máa ń di í tí kì í fi í dún mọ́. Kó gbẹ tán kí ẹ tó ká a pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu.

Ẹni tó bá fẹ́ rán an sílé, kó fi túùbù méjì sínú páálí, kó sì rí i pé nọ́ńbà ara wọn bá ti táyà mu: 12½ × 2¼ ni ti kékeré sábà máa ń jẹ́. Kí fáàfù rẹ̀ jẹ́ èyí tó tẹ̀, torí àárín ẹsẹ̀ kékeré kì í gba orí páńpù bí fáàfù bá dúró ṣánṣán.