Ẹ ṣọ́ra fún oníṣẹ́ òkúta àgbàlá tó ń gba iṣẹ́ láti Kabba dé Mọ̀pà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá, Èkó àti òkè òkun, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n bá yín tún àgbàlá ilé ṣe. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tó ń tẹ́ òkúta sílẹ̀, tó sì ń tún ògiri bíríkì àtijọ́ mọ. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Kabba àti Ìyàrà, ó sì ti gbowó lọ́wọ́ ẹbí méjì tí mo mọ̀ ní Mọ̀pà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú rẹ̀ ṣì wà níwájú àwọn àgbà. Orúkọ kò tilẹ̀ ní ràn yín lọ́wọ́, torí orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lórí rìsíìtì wa yàtọ̀ sí ti àwọn ará Mọ̀pà. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ mọ̀, ìyẹn kì í yí padà.

Àsìkò ìnáwó ló ń ṣọ́. Bí ẹbí bá ti mú ọjọ́ ìsìnkú àgbà tàbí ìgbéyàwó, tí gbogbo ènìyàn ń sáré kí ilé dára kí àlejò tó dé, ìgbà yẹn lẹ máa rí i. Yóò gbé fóònù jáde, yóò máa fi fọ́tò iṣẹ́ tó rẹwà hàn yín. Ẹ bi í pé ilé ta ni, yóò ní ọ̀gá kan ní Lọ́kọ́ja ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wò ó, yóò ní ọ̀gá náà kì í fẹ́ àlejò. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìdá méje nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀, á ní ẹni tó ń ta òkúta ní kọ́ọ̀rì, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kì í tà láwìn.

Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló gbé iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ méjì ni: kí ó tẹ́ òkúta sí iwájú ilé níbi tí mọ́tò ń dúró sí, kí ó sì tún ògiri bíríkì tó yí ọgbà ẹ̀yìnkùlé ká mọ, torí apá kan rẹ̀ ti dà wó. Bàbá àgbà wa ló mọ ògiri yẹn, bíríkì amọ̀ sísun tí wọ́n fi iná igi sun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni òkúta gíránáìtì tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin, tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Èyí tó kó wá, ojú rẹ̀ jẹ́ 10 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ tán, ta ni yóò mọ̀? Orí nìkan ló ń hàn. Ìgbà tí táyà mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ni àwọn òkúta náà ń mì, tí etí wọn ń gbé sókè, torí òkúta tó fẹ́lẹ́ kò ní ẹ̀gbẹ́ tó tó láti fi di ara wọn mú.

Gíránáìtì ní ìwọ̀n tí kò ṣeé purọ́ mọ́. Bí òkúta bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, yóò gba òkúta tó wọ̀n tó kílò 240. Iwájú ilé Bàbá Tíṣà tó ọgọ́ta irú rẹ̀, ìyẹn ni pé òkúta tó yẹ kó dé ibẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 14. Típà kékeré kan ló gbé gbogbo rẹ̀ wá, kò sì kún. Àwọn ọmọ àdúgbò tó bá a já a rántí dáadáa. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń já òkúta yín, kí ẹnìkan dúró ti típà náà, kí ó mú téèpù dání, kí ó wọn òkúta láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì. Kì í ṣe ti orí òkìtì nìkan, torí àwọn tó dára ló ń kó sókè.

Abẹ́ òkúta tún burú ju òkúta fúnra rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n kó ilẹ̀ pupa tó le tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní ìpele-ìpele, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún ibi tí mọ́tò ń gbà. Orí ìyẹn ni yanrìn odò bíi sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 yóò wà, kí òkúta tó jókòó. Kí wọ́n sì da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo kí òkúta etí má baà máa sún jáde. Ọkùnrin yìí kàn fi ṣọ́bìrì ha koríko kúrò, ó da lúbúlúbú òkúta lé ilẹ̀ dúdú, ó to àwọn òkúta náà lé e. Ó wá po símẹ́ǹtì gbígbẹ mọ́ yanrìn, ó gbá a sáàárín àwọn òkúta, ó wọ́n omi sí i. Bí ó bá gbẹ, yóò le, ẹ óò rò pé iṣẹ́ ti parí. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ló tú u ká. Ojú ẹsẹ̀ táyà rì sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n kọ ebè, omi sì ń dúró nínú rẹ̀.

Ó tún tẹ́ ẹ kó dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ilé! Ilẹ̀ òkúta gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2 ààbọ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, omi òjò ń lọ sí ẹsẹ̀ ògiri yàrá Ìyá Tíṣà. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ilé tí kò ní àléébù tẹ́lẹ̀ ló wá ń mu omi.

Ní ti ògiri, ó sọ fún Bàbá pé bíríkì àtijọ́ náà ti kú, pé kò wúlò ju kí wọ́n fi dí kòtò lọ. Ó kó wọn lọ ní òru. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù lábẹ́ igi ọsàn, mo mú méjì, mo fi ọ̀kan lu èkejì: ó dún gooro. Bíríkì tó jóná dáadáa ló ń dún bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò jóná tàbí tó ti rà, ṣe ni yóò dún kọ̀bọ̀. Irú bíríkì yẹn lówó lórí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ilé olówó.

Ohun tó mọ dípò rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ínṣì márùn-ún. Ó wá gé ojú bíríkì tiwa ní pẹlẹbẹ, ó fi símẹ́ǹtì lẹ̀ wọ́n mọ́ búlọ́ọ̀kù. Láti ẹnu ọ̀nà, ẹ óò rò pé ògiri bàbá àgbà ló dìde padà. Ẹ lọ sí ìparí ògiri, níbi igun, ẹ óò rí i: awọ pupa tín-ín-rín níwájú, búlọ́ọ̀kù eérú lẹ́yìn. Awọ náà ti ń já bọ́.

Kódà bí ó bá fi odidi bíríkì mọ ọ́, símẹ́ǹtì tó pò ì bá bà á jẹ́. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ọ̀bàjánà wà nítòsí wa, a sì ti fi ọkàn sí i pé símẹ́ǹtì púpọ̀ ló ń mú iṣẹ́ le. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún bíríkì àtijọ́. Ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ: símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, láìmù (ẹfun tí wọ́n fi ń kọ́lé) ìwọ̀n 1, yanrìn ìwọ̀n 6. Bí símẹ́ǹtì bá le jù, omi tó wọ ògiri kò ní rí ibi gbà jáde àfi ojú bíríkì, ojú náà á sì máa ṣí bí èèpo. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n rẹ bíríkì sínú omi kí wọ́n tó mọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fa omi inú àpòpọ̀ náà mu kó tó le.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn tí owó bá ti lọ. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Ohun tí wọ́n sì sọ fún wa nìyẹn. Ìwé àdéhùn ni yóò gbà yín. Ẹ kọ gíga òkúta sí i, ẹ kọ bí abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe nípọn tó, ẹ kọ ọ́ pé bíríkì àtijọ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní àgbàlá. Ẹ pín owó sí ìpele. Kí òkúta kankan má fara kan ilẹ̀ títí ẹni yín nílé yóò fi fi fídíò abẹ́ rẹ̀ hàn yín, pẹ̀lú téèpù nínú kòtò. Fọ́tò tí agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí ẹnìkan tó jọ èyí bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní àgbàlá yín, ẹ yọ òkúta kan lónìí kí ẹ wo gíga rẹ̀. Bí ó bá ti gbowó yín lọ, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Àwa àti àwọn ará Mọ̀pà ń kó ìwé wa pọ̀ kí a lè jọ gbé e lọ sí kóòtù.