Ẹ̀jẹ̀ orí fíìmù: rírà ni, àbí sísè?

Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ: ẹnu òṣèré ni, aṣọ rẹ̀ ni, àbí ilẹ̀? Ẹni tó kàn ń wá èyí tó pupa jù ló máa ń ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ẹnu ló léwu jù. Ben Nye àti Mehron ti Amẹ́ríkà ń ta ẹ̀jẹ̀ inú ìgò tó ṣeé fi sẹ́nu. Ti Ben Nye tiẹ̀ ń ta sánsán bíi mínǹtì. Ó wọ́n, ìgò rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ ṣáà ka ara ìgò dáadáa, torí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe èyí tó jẹ́ ti awọ ara nìkan.

Èyí tí mò ń sè kò le: ife ṣúgà méjì sí ife omi kan, ẹ sè é títí yóò fi máa fà bí oyin, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá ro àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò sí i. Bẹ́ẹ̀ nìkan, bíi Vimto ló máa rí, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Ṣíbí kòkó lílọ̀ kan ló ń mú un ṣú. Ẹ kán búlúù sí i lẹ́ẹ̀kan péré; bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti di àlùkò. Kámẹ́rà ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ojú lásán: nínú Psycho, fíìmù dúdú àti funfun tí Alfred Hitchcock gbé jáde ní 1960, síróọ̀pù ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ máa rí ìlànà Dick Smith lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá iṣẹ́ yìí tó gba Oscar ní 1985. Síróọ̀pù àgbàdo ló fi ṣe é, ó sì dára, àmọ́ Photo-Flo ti Kodak, oògùn àwọn tó ń fọ fọ́tò, wà nínú rẹ̀ kó lè tàn kálẹ̀ lára. Májèlé ni. Kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ bá bu ọṣẹ sí kó lè tètè bọ́ lára aṣọ náà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sára ìgò, torí ojú kan náà ni wọ́n ní.

Ní ti aṣọ, kò sí èyí tó borí. Mo ti san owó lẹ́ẹ̀sì funfun ayálò rí: mo dán ẹ̀jẹ̀ náà wò lára òwú, ó bọ́ pátá, ó dé ara lẹ́ẹ̀sì, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ẹ gé díẹ̀ létí aṣọ yẹn gan-an, ẹ kán an sí i, kó sun mọ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ garawa kan gbáko ni ẹ fẹ́ dà sílẹ̀, ẹ sè é. Eèrà nìkan ni wàhálà ibẹ̀: kí olùdarí tó pariwo “áṣọ̀n”, wọ́n ti tò dé. Tòmátò alágolo ní hóró, ó jọ ọbẹ̀. Zóbò ń ṣàn bí omi, kì í dúró lára.

Ibi tí mo ti ń náwó láìrojú ni ọgbẹ́ tó ti gbẹ. Omi ṣúgà á ṣì máa dán títí di ìrọ̀lẹ́. Tí ọgbẹ́ bá gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ méjì nínú ìtàn, Fresh Scab ti Ben Nye ni mò ń rà: ó ki, ó ṣú, ó sì jọ èépá gidi. Orí ìka ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, láti etí ọgbẹ́ wọ àárín.