Kóòsì ìpìlẹ̀ ọdún kìíní ní yíyàwòrán àti dìsáìnì: mo ti ṣe é, ohun tí mo rí nìyí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní ni o, mo sì rí i pé àwọn tó fẹ́ wọlé ò yé bèèrè pé ṣé kóòsì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kó gbogbo wa sí yìí tiẹ̀ wúlò, àbí wọ́n kàn fẹ́ fi ọdún kan dá èèyàn dúró ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ gráfíìkì ló wù mí, kọ̀ǹpútà ti wà nílẹ̀, mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe lógò, àfi bí wọ́n ṣe ní kí n lọ wá èédú ìyàwòrán, pẹ́ńsùlù 2B dé 6B àti pépà ńlá oní íǹṣì 18 sí 24. Inú bí mi gan-an. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí lónìí, mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ má sì fo ibì kankan, pàápàá ibi tó bá ń sú yín jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí yíyà torí ibẹ̀ lojú mi ti kọ́kọ́ là. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ya nǹkan tó rẹwà. Ẹnì kan á dúró síwájú wa, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ó ti yí ìdúró padà, bí ara ẹ̀ ṣe tẹ̀ nìkan lo máa rí gbé sórí pépà, kò sáyè ojú àti ìka. Ọjọ́ kejì wọ́n ní ká máa wo nǹkan tá à ń yà nìkan, ká má bojú wo pépà rárá.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n to àga bíi mẹ́fà léra wọn sáàárín kíláàsì, olùkọ́ wa ní ká má ya àga kankan o, àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àwọn àga yẹn ni ká yà. Mo ní kí lèyí. Mo sáà ń ya àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi èédú kùn ún dúdú, ìgbà tí mo máa sún sẹ́yìn wò ó báyìí, àga ti jókòó sórí pépà, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọ́, èmi tí mi ò ya ẹsẹ̀ àga dáadáa rí láyé mi! Orí mi mọ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni àga ní, pé wọ́n gùn bákan náà, ohun tórí mọ̀ yẹn ni mo ti ń yà látọjọ́ yìí, kì í ṣe èyí tójú ń rí. Àlàfo ò lórúkọ, torí náà orí ò rí nǹkan sọ sí i.

Ti àwọ̀ ló sú gbogbo wa jù. Wọ́n ní ká fi gouache, ìyẹn ọ̀dà olómi tí kì í jẹ́ kí pépà hàn lábẹ́ ẹ̀, kun àpótí 10 sórí ìlà kan, láti funfun dé dúdú, kí ìyàtọ̀ àárín èyí àti èkejì ṣe déédéé. Ó rọrùn létí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Dúdú lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, òun lẹ máa fi kún funfun díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa da funfun sínú dúdú, ọ̀dà yín á tán kó tó yí padà. Gouache tútù ò sì jọ gbígbẹ: èyí tó mọ́lẹ̀ á ṣú díẹ̀ tó bá gbẹ, èyí tó ṣú á mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi kan pépà míì, ẹ ní sùúrù kó gbẹ, ẹ wá dijú díẹ̀ wò ó.

Lẹ́yìn ẹ̀ la ṣe ti pépà aláwọ̀. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Josef Albers ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ńlá, ó kọ́ni ní Bauhaus ní Jámánì, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Weimar lọ́dún 1919, níbi tí Johannes Itten ti bẹ̀rẹ̀ kóòsì ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ iléèwé ṣì ń wò kọ́, ìgbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa lọ́dún 1933 ni Albers kọjá sí Amẹ́ríkà. O máa gé onígun mẹ́rin kékeré méjì lára pépà kan náà, o gbé ọ̀kan sórí àwọ̀ kan, èkejì sórí òmíì, wọn ò ní jọra mọ́. Ẹni tó jókòó tì mí bá mi jiyàn títí mo fi ṣí méjèèjì kúrò tí mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, mo ń ṣe lógò, lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí búlúù wá ń pọ́n bí ọsàn. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, lẹ́tà yẹn ni mi ò bá máa yí kiri dalẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo yí, ó sì bọ́ sípò.

Ti iṣẹ́ onípáálí, èyí tó ṣeé gbé yípo, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fún wa, ìyẹn ò dáa. Ká fi páálí kọ́ nǹkan tó lè dá dúró láìlo gúlúù, kéèyàn tó mọ ibi tó yẹ kó gé, àkókò ti lọ. Ẹ ṣáà máa pààrọ̀ abẹ yín, èyí tó ti kú ló ń ṣe èèyàn léṣe, torí ẹ máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ ni, ó sì máa yọ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni critique, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò níwájú gbogbo kíláàsì. Àwa 24, wákàtí mẹ́ta, gbogbo iṣẹ́ wà lára ògiri. Àwọn tó wà níwájú á gba ogún ìṣẹ́jú, àwa tó wà lẹ́yìn, wọ́n á kàn wò ó fìrí. Ìgbà kan mi ò sùn mọ́jú nítorí iṣẹ́ kan, gbogbo ohun tí mo gbọ́ nípa ẹ̀ ni pé etí ẹ̀ ò mọ́. Wọn ì bá pín wa sọ́nà méjì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn nígbà míì, torí ẹni tí wọn ò bá bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ fi tún un ṣe? Ẹ bèèrè iye èèyàn tó ń wà ní kíláàsì kan kẹ́ ẹ tó gbà láti lọ síbikíbi.

Àpótí 10 tí mo kùn lẹ́ẹ̀kẹrin yẹn, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, òun ni mo máa ń wò kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́.