Ẹ̀rọ etí tí mo rà nítorí orin Ẹ̀fẹ̀

Ẹ má sanwó ẹ̀rọ etí kankan, èyí tó ń ran ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa lọ́wọ́, láì tíì fi orin tiyín dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ohun tó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wàndó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń kọrin Ẹ̀fẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù mi. Torí ohùn yẹn ni mo ṣe kó owó tó lè ra alùpùpù lé ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, mi ò ní ẹjọ́. Lọ́jọ́ kìíní gan-an ni mo ti ń gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí láì wo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo tan orin ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ibi tó ti fa ohùn gùn ló ń gbọ̀n: wùù-wùù-wùù, bí ẹni tí òtútù mú. Ìlù fúyẹ́ bí agolo. Mo yọ ẹ̀rọ, mo tún un fi sí etí, pàbó. Omi bọ́ lójú mi. Ohùn ló gbé èdè wa ró. Tí ohùn bá ti ń mì, kí ni olórin wí?

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Kútọnù. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi kò tilẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ. Ọjọ́ orí ni. Á mọ́ yín lára." Èmi tí mo mọ ohùn ọmọ ìyá mi! Mo jókòó, mo ní mi ò lọ síbì kan.

Ọmọbìnrin kan ló jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Màmi, orin wo ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Ó gbọ́ ọ dópin, kò kánjú. Ó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Tí ohùn kan bá dúró pẹ́, ẹ̀rọ á rò pé òun fúnra òun ló ń súfèé, á sì máa bá ohùn náà jà. Èyí tó bá pariwo, á dín in kù; èyí tó bá rọra, á gbé e sókè, títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Ó ṣí àyè kejì fún orin nìkan, ó pa gbogbo ìyẹn níbẹ̀. Bọ́tìnnì kan péré ni mò ń tẹ̀ báyìí. Ó tún fi rọ́bà tó dí pa pààrọ̀ rọ́bà oníhò tó ń wọ inú etí mi, nítorí inú ihò yẹn ni ohùn ìyá ìlù ń gbà sá lọ. Ó lò tó wákàtí méjì lórí mi, kò gba sẹ́fà kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi fa ohùn, ohùn dúró gbọin. Omele ń sọ tirẹ̀, ìyá ìlù ń dá a lóhùn. Mo gbọ́ èémí tó fà sínú kó tó júbà àwọn ìyá wa. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Rọ́bà tó dí yẹn máa ń jẹ́ kí ohùn tèmi dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bátìrì kékeré tí ẹ̀rọ náà ń lò, 312, kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ mi (ẹ ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ), mo sì wá a títí ní Kétu, mi ò rí. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì bẹ̀ mí dòní. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Máàkì: 5 nínú 5.