Ófùn èédú onípẹpẹ méjì fún kéèkì Kérésìmesì: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Irin pẹlẹbẹ ni àwọn wẹ́dà ní Kábbà fi ń ṣe ófùn yìí. Àpótí ni, ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ògiri rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Àwo èédú kan wà nísàlẹ̀, ìkejì wà lórí. Pẹpẹ méjì ló wà láàárín, páànù kéèkì oní-íńṣì 8 méjì sì ń jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ará ilé bá ti ń ti Èkó àti Àbújá wọlé sí ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí ilé kan ní láti yan páànù mẹ́jọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkòkò oníyanrìn tó ń gba páànù kan ṣoṣo kò lè kájú ẹ̀. Kérésìmesì mẹ́ta la ti fi lò ó báyìí, a sì tún máa lò ó. Àmọ́ bí àwọn tó ń tà á ṣe ń kọ́ èèyàn láti dáná sí i kò dára, òun gan-an ló ń ba kéèkì jẹ́.

Wọ́n á ní kí ẹ kún àwo ìsàlẹ̀ fọ́fọ́, kí ẹ wá wọ́n díẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ooru a máa gòkè fúnra rẹ̀. Iná ìsàlẹ̀ tó bá pọ̀ á jó ìdí kéèkì dúdú nígbà tí àárín ṣì ń ṣàn. Ìdàkejì ni kí ẹ ṣe: èédú módù kan sísàlẹ̀, kí ẹ tò ó sí etí àwo, kí àárín ṣófo; módù méjì sókè. Ẹ fi páànù pẹrẹsẹ kan tí iyanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀ la àárín àwo ìsàlẹ̀ àti pẹpẹ àkọ́kọ́. Látìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí kéèkì kankan kò jó mọ́.

Èédú igi àyin ni kí ẹ rà. Ó wúwo, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Èédú igi fífúyẹ́ kì í pẹ́ di eérú. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ kọ́kọ́ dáná sí i nínú àdògán títí eérú funfun á fi bò ó. Èédú tútù tí ẹ bá dà lé iná á mú ooru wálẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì wọ kéèkì.

Aago ooru ara ilẹ̀kùn kò ṣeé gbára lé. Ẹ wọ́n ṣúgà díẹ̀ sórí bébà onírin, kí ẹ gbé e sórí pẹpẹ fún ìṣẹ́jú 15. Ṣúgà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 186°C. Bí ó bá yọ́, ooru ti pọ̀ jù fún kéèkì, tó ń fẹ́ 170 sí 180. Ẹ kó èédú díẹ̀ kúrò lókè.

Fún páànù méjì: bọ́tà 500 giráàmù, ṣúgà 500, fláwà 500, ẹyin 10 sí 12, bekin páúdà ṣíbí tíì méjì. Ọyẹ́ ló ń ṣèjàǹbá níbí. Ní òwúrọ̀ oṣù Kejìlá, bọ́tà á le bí òkúta, ẹyin á tutù; bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, àpòpọ̀ náà á já bíi wàrà, kéèkì á sì ki. Ẹ fi ẹyin sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ gbé abọ́ bọ́tà súnmọ́ ààrò kó rọ̀, àmọ́ kó má yọ́. Bọ́tà tó bá ti yọ́ kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń mú kéèkì wú. Ẹ da àpòpọ̀ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, lẹ́yìn náà kí ẹ yí páànù padà, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kì í tètè jinná. Ìṣẹ́jú 50 sí 60 ló ń gbà.

Míìtì páì dára nínú rẹ̀ gan-an. Ṣinṣín, ẹ kúkú dín in. Ó máa ń le jù nínú ófùn yìí.

Ìta ni kí ẹ gbé e sí, lẹ́yìn ògiri tó gba afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, òtútù kò gbọdọ̀ mú yín gbé e wọ kíṣíìnì kí ẹ sì ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè irú irin tí wọ́n fi ṣe àwo èédú. Páànù tí wọ́n fi síńkì bò kò yẹ níbẹ̀, torí èéfín síńkì ń fa ibà. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ewé ìwé kan, kí ẹ fà á. Bí ìwé bá yọ láìjanpata, ooru náà á máa gba ibẹ̀ jáde: ẹ ní kí wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣe. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ dáná sí i lófìfo fún wákàtí méjì kí òórùn ọ̀dà lè lọ, kí ẹ tó gbé kéèkì kankan wọ inú rẹ̀.