Èwo ni ká rà nínú àwo orin géèmù àtijọ́: síídì Japan, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun, àbí orí fóònù?

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ohùn tó jáde látinú ẹ̀rọ géèmù gan-an lẹ fẹ́ gbọ́, àbí orin tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́? Ẹ lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gbogbo àríyànjiyàn tí àwa tí à ń kó àwo orin géèmù jọ máa ń ṣe láàárín ara wa, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí òun ń wá yóò ra síídì mẹ́ta kó tó rí ẹyọ kan tí yóò máa gbọ́. Èmi ra mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n fi géèmù kan là á yé yín. Ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Square gbé Chrono Trigger jáde ní Japan fún Super Famicom, ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó mọ̀ sí Super Nintendo. Yasunori Mitsuda ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. Kì í ṣe olórin ni wọ́n gbà á fún tẹ́lẹ̀ o. Iṣẹ́ ariwo ìbọn, ìró ẹsẹ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe níbẹ̀, títí tó fi sọ fún ọ̀gá pé bí wọn ò bá ní jẹ́ kí òun kọ orin, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé Chrono Trigger lé e lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́ náà débi pé ọgbẹ́ inú dá a dúbúlẹ̀, Nobuo Uematsu, olórin Final Fantasy, ló wá bá a kọ díẹ̀ nínú èyí tó kù.

Ti inú ẹ̀rọ àti ti ẹgbẹ́ olórin

Lọ́dún yẹn kan náà, orin géèmù yìí jáde lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni Original Sound Version, síídì mẹ́ta, orin 64. Èkejì ni The Brink of Time, síídì ẹyọ kan, níbi tí àwọn olórin jáàsì ti mú díẹ̀ nínú orin náà, tí wọ́n sì fi ohun èlò gidi lù ú bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ gbé méjèèjì síwájú ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, ohun tí ẹ gbọ́ nínú géèmù náà lẹ ó gbọ́. Ilé iṣẹ́ Sony ló ṣe ṣíìpù tó ń kọrin nínú Super Famicom; Ken Kutaragi, ẹni tó wá di bàbá PlayStation lẹ́yìn náà, ló yà á. Ohùn mẹ́jọ péré ló lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àyè tí wọ́n sì fún un láti kó gbogbo ohun èlò orin sí kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Fọ́tò ẹyọ kan tí ẹ fi fóònù yà láàárọ̀ yìí fi ìlọ́po ìlọ́po jù ú lọ. Fèrè, jìtá, ìlù, títí kan gbohùngbohùn tó ń tẹ̀lé wọn, inú àyè yẹn ni gbogbo wọn há mọ́. Fèrè tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe fèrè tán. Ègé kékeré lára fèrè ni, tí ẹ̀rọ ń pè léraléra. Ohun tó ń mú mi gbọ́ ọ dòní nìyẹn: ẹ ó gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fi owó táṣẹ́rẹ́ se ọbẹ̀ àsè.

The Brink of Time ńkọ́? Orin àgbà ni, jìtá àti ìlù ń dá ara wọn lóhùn, ó dára fún alẹ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á torí kó lè rántí ìgbà tó ń gbá géèmù náà yóò bínú, torí àwọn orin mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹ ó gbọ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dá wọn mọ̀. Bó bá jẹ́ irú àwo yẹn lẹ fẹ́, mo ní èyí tó dùn jù ú lọ: Celtic Moon, ti Final Fantasy IV, ọdún 1991. Ilẹ̀ Ireland ni wọ́n lọ gbà á sílẹ̀, Máire Breatnach, ọmọ ibẹ̀, ló tún orin náà tò tó sì ń ta gòjé òyìnbó sí i. Orin Uematsu bá gòjé yẹn mu bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Chrono Trigger ní ẹ̀kẹta, Revival Disc tó jáde ní 2019. Orí Blu-ray ló wà, àwòrán géèmù náà ń kọjá lójú tẹlifíṣàn bí orin ṣe ń lọ. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ Blu-ray, ẹ kọjá.

Ayédèrú

Ibí yìí ni kí ẹ ti farabalẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ayédèrú síídì orin géèmù kì í ṣe èyí tí ẹnì kan jókòó sílé tó fi kọ̀ǹpútà dà kọ. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó ń dán, ó ní ìwé pélébé nínú. Orúkọ méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Son May àti Ever Anime, láti Taiwan. Òmíràn ti pé ọgbọ̀n ọdún nísinsìnyí, ó ti gbó dáadáa, àwọn tó ń tà á pàápàá lè má mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó.

Chrono Trigger àkọ́kọ́ tí mo rà, ayédèrú ni. Olùtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tà á fún mi ní owó tó tó ti ojúlówó, ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Nígbà tó dé, mo ṣí i, inú mi dùn, mo gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kan ni mo gbé síídì kejì sábẹ́ iná, mo wo òrùka kékeré tó yí ihò àárín ká, níbi tí nọ́ńbà máa ń wà. Ti ojúlówó, PSCN-5021 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ fún síídì àkọ́kọ́, kó sì máa gòkè bọ̀ fún méjì tó kù. Tèmi kò jọ ọ́ rárá. Mo wá wo ìwé inú rẹ̀ dáadáa: àwọn lẹ́tà Japan tó kéré jù ti dà pọ̀ mọ́ra bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sí ìwé tó tutù. Fọ́tò ìwé ojúlówó ni wọ́n yà, tí wọ́n sì tún tẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́: ẹ̀yìn páálí, níbi tí iye owó yẹ kó wà ní yẹ́ǹnì; nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ páálí; àti òrùka inú síídì lábẹ́ iná. Kí nọ́ńbà náà bára wọn mu. Final Fantasy VII ti 1997, síídì mẹ́rin láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ DigiCube, SSCX-10004 ni tirẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó fi SQEX bẹ̀rẹ̀ lára àwo Final Fantasy, ẹ má bẹ̀rù: DigiCube kógbá wọlé ní 2003, Square Enix (Square àtijọ́) ló tún àwọn àwo rẹ̀ tẹ̀. Ojúlówó ni, ó sì sábà máa ń dínwó.

Àwọn olùtajà yóò máa pariwo pé tàwọn ní "obi". Kì í ṣe obì tí à ń pa o. Bẹ́líìtì pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Japan máa ń fi di ẹ̀gbẹ́ páálí síídì ni, ọ̀pọ̀ ló sì ti já a dànù lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ó ń gbówó lé ọjà, kì í gbé ohùn lé orin. Bí ẹ kò bá ní í tún tà á, ẹ ra èyí tí kò ní.

Síídì tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni rẹ́kọ́ọ̀dù orin géèmù. Rárá. Orí rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀: ní 1984, Haruomi Hosono ti ẹgbẹ́ olórin Yellow Magic Orchestra kó orin Xevious, Pac-Man àti àwọn géèmù Namco mìíràn jọ sínú àwo tí ilé iṣẹ́ Alfa gbé jáde.

Àwọn tó ń tẹ tuntun báyìí pọ̀: Data Discs ní London, iam8bit ní Los Angeles, Black Screen Records ní Cologne, Mondo tó ṣe ti géèmù Castlevania. Iṣẹ́ wọn lẹ́wà. Páálí ńlá, àwòrán tó kún ojú, rẹ́kọ́ọ̀dù aláwọ̀ pupa tàbí aláwọ̀ omi òkun. Síídì kò lè bá a du ẹwà. Ṣùgbọ́n ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí nígbà 33 ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Final Fantasy VII lé ní wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ lódindi, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lè dín ní mẹ́fà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù géèmù gígùn fi jẹ́ àṣàyàn lásán, tí orin tí ẹ fẹ́ràn jù yóò sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìjà mìíràn tún wà. Orin géèmù kì í parí. Ó máa ń padà síbẹ̀rẹ̀ ni, bí onílù tó ń dúró de ẹni tó ń jó. Lórí síídì, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀mejì, kí ohùn tó máa rẹlẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí àyè, ẹ̀ẹ̀kan ni òmíràn ń yí. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan tó. Èmi ò gbà. Orin tí mo fi wákàtí mẹ́ta gbọ́ níwájú ọ̀gá ogun kan, tí mi ò lè ṣẹ́gun rẹ̀, ẹ ò lè gé e kúrú fún mi.

Ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù ti borí ni géèmù tí orin rẹ̀ kò gùn tó sì ní ìlù abẹ́lẹ̀. Streets of Rage 2 ni mo ń sọ. Yuzo Koshiro, tó fẹ́ràn orin ilé ijó, ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà PC-88 àtijọ́, pẹ̀lú ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Data Discs gbé e jáde lórí rẹ́kọ́ọ̀dù ní 2016. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, ilẹ̀ yóò mì.

Ilé bọ̀ọ̀dá mi ní Sùúrùlérè ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn, lórí Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù Sega, tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣàn kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Kò sí ìlù abẹ́lẹ̀ kankan nínú tẹlifíṣàn yẹn. Nígbà tí mo gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, mo búra pé wọ́n ti fi nǹkan kún un. Wọn ò fi nǹkan kún un; tẹlifíṣàn wa ló jẹ ẹ́. Tó bá wá di pé kí n jiyàn lórí èyí tó jẹ́ "ojúlówó ohùn", kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ọmọ Mega Drive pàápàá kò fẹnu kò: ti àkọ́kọ́, tó ní ihò etí-ìgbọ́hùn níwájú, ohùn rẹ̀ mọ́, èkejì, tó kéré jù ú lọ, ohùn rẹ̀ burú lójú ọ̀pọ̀ wọn. Orin kan náà, ṣíìpù Yamaha ló ń kọ ọ́ níbi méjèèjì, síbẹ̀ ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀. Torí náà, kí ẹ tó ra àtúntẹ̀ èyíkéyìí, ẹ wo ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ nípa ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀. Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan, mo máa ń dúró.

Fún ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ooru tún wà. Mo fi rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ní Ìbàdàn, kò ju wákàtí kan lọ. Ó di gbágungbàgun, abẹ́rẹ́ ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Síídì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń kọrin. Rẹ́kọ́ọ̀dù tún wúwo, owó tí wọ́n ń gbà láti fi ránṣẹ́ lè ju owó tí ẹ fi rà á lọ. Tèmi, ẹni tó ń bọ̀ láti London ni mo máa ń bẹ̀ kó gbé e sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe sínú ẹrù.

Orí fóònù

Èyí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Square Enix ti kó orin Final Fantasy sí Spotify láti 2019, ẹ lè fi dátà díẹ̀ gbọ́ ọ kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ó rà. Nintendo ò tẹ̀ lé wọn. Áàpù tirẹ̀ ló gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2024, fún àwọn tó ń san owó Switch Online, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ géèmù rẹ̀. Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀: ẹ lè ní kí orin kan máa yí fún wákàtí kan gbáko. Ohun kan sì bí mi nínú: nígbà tó jáde, orúkọ àwọn tó kọ orin náà kò sí níbẹ̀. Koji Kondo, tí Library of Congress ní Amẹ́ríkà fi orin Super Mario Bros. rẹ̀ sínú àkójọ ohùn tí wọ́n ń pamọ́ fún orílẹ̀-èdè ní 2023, orúkọ rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Bó bá jẹ́ èmi

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àtúntẹ̀ síídì SQEX ni kó kọ́kọ́ rà. Kò ní obi àtijọ́ tí wọ́n ń jà lé lórí, orin rẹ̀ pé, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó dára, tó sì ní yàrá tútù, kó ra Streets of Rage 2, kó má ra géèmù oníwákàtí mẹ́rin. Rẹ́kọ́ọ̀dù aláwo méjì sábà máa ń tó 35 sí 45 dọ́là, kí owó ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ, kó má tíì rà á. Mo mọ ẹnì kan tí mẹ́sàn-án wà lára ògiri rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ọ̀kankan.

Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ Chrono Trigger ti 1995, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ òrùka inú síídì wò lójú ara yín. Bí olùtajà bá sì ní òun ò lè ya fọ́tò òrùka yẹn torí pé fóònù òun kò mọ́lẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì gbọ̀nà ilé lọ.