Ìwé ẹ̀rí abẹ jẹjẹrẹ tí patron wa lọ gbà ní Faransé: ojú tèmi tí mò ń gbé irin fún wọn

Àwọn àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Cotonou ò yé bi mí pé, ẹ̀gbọ́n, ṣé fellowship iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ yìí tó wàhálà ẹ̀ àbí ariwo lásán ni. Èmi kì í ṣe dókítà o, nọ́ọ̀sì ni mí, instrumentiste, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, inú bloc, yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mo wà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé irin ló máa ń rí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ju ẹnikẹ́ni lọ, mo mọ ọwọ́ patron wa, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ wa, kí wọ́n tó lọ sí Faransé, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dé, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

DFMSA, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ Faransé kan, ni orúkọ ohun tí wọ́n lọ ṣe. Àwọn dókítà tí kì í ṣe ará Yúróòpù, tí wọ́n ti di spécialiste tán nílùú wọn, ni wọ́n ṣe é fún, Yunifásítì Strasbourg ló sì ń gba fáìlì wọn. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, a ṣáà ń rí patron tí wọ́n ń sáré láàárín Àjàṣẹ́ àti Cotonou bí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́la. Wọ́n lo ọdún kan níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n dé ni pé wọn ò yára mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí obìnrin bá ti wá pẹ̀lú kókó lọ́mú tí kókó náà le, kò ní pẹ́ wọ bloc, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á rán an, ó parí, tí owó anapath, ìyẹn láàbù tó ń yẹ ẹran ara wò, bá wà wọ́n á fi kókó ránṣẹ́, tí ò bá sí, kókó á wà nínú ike fọ́mọ́ọ̀lù títí gbogbo wa á fi gbàgbé ẹ̀. Ní báyìí wọn ò ní fi abẹ kan ọmú yẹn àfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ńlá mú díẹ̀ nínú ẹ̀, tí anapath sì ti sọ ohun tó jẹ́. Àwọn ẹbí aláìsàn bínú, àwa náà ráhùn, ẹnì kan tiẹ̀ ní òyìnbó ti fi ẹ̀rù sí wọn lára. Àṣé jẹjẹrẹ tí wọ́n bá gé tí ò tán, ó nira gan-an láti padà wá gé e dáadáa, ibi tí abẹ kọ́kọ́ gbà ti di àpá, èèyàn ò mọ ibi tí àìsàn parí sí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú bloc wàyí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọdún kan yẹn ṣe. Ìfun ńlá tó ní jẹjẹrẹ, tẹ́lẹ̀ wọ́n á di kókó mú, wọ́n á gé òkè, wọ́n á gé ìsàlẹ̀, wọ́n á so méjèèjì pọ̀. Ní báyìí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń lọ dì, wọn ò ní máa tẹ kókó náà kiri, wọ́n á wá kó ọ̀rá tó bá ìfun yẹn rìn mọ́ ọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí inú ọ̀rá yẹn ni àwọn ganglion wà, àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí jẹjẹrẹ máa ń gbà rìn lọ síbòmíì. Ó kéré tán, ganglion 12 ló yẹ kí anapath rí yẹ̀ wò, tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ní àìsàn ò tíì rìn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ti ọmú ńkọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n mú òwú gígùn kan àti kúkúrú kan wá kí wọ́n fi rán ohun tí wọ́n ti gé jáde, mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Àmì ni, kí ẹni tó máa wò ó ní láàbù mọ èwo lòkè èwo lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí tó bá ní àìsàn ṣì kù létí, patron fẹ́ mọ etí wo. Kí a sì tó rán aláìsàn pa, gbogbo wa á pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, a á pààrọ̀ irin, kò sí àwáwí.

Jẹjẹrẹ ìfun ìdí ló le jù. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Bill Heald, ló kọ ọ́ jáde ní 1982 pé ìfun ìdí àti àpò ọ̀rá tó yí i ká, lódindi ni kí wọ́n yọ ọ́, kí ó má fà ya, kí abẹ máa gba ojú ọ̀nà kan tí ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ó lọ́ra, ẹsẹ̀ á dun èèyàn. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ka kọ́mpírẹ́ẹ̀sì, aṣọ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀, mo mọ èyí tó ń rẹ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń rẹ báyìí.

Síbẹ̀ tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, kì í ṣe gígé ni mo máa mú, àìgé ni. Ní Faransé, láti ìgbà Plan Cancer tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003, dókítà kan ò lè dá jókòó pinnu ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ, RCP, ìpàdé àwọn dókítà, gbọ́dọ̀ wà, oníṣẹ́ abẹ, ẹni anapath, ẹni tó ń fún wọn ní ṣímíò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹni tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tó ń ka scanner, gbogbo wọn á jókòó sórí fáìlì kan. Patron wa dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwa lórí WhatsApp pẹ̀lú àwọn dókítà kan ní Cotonou. Íntánẹ́ẹ̀tì ń já, ohùn ń gé, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n mú aláìsàn kúrò lórí program abẹ, wọ́n ní ṣímíò ni kó kọ́kọ́ gbà kí kókó lè sún kì. Bàbá kan tún wà tí àìsàn ti dé ẹ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n pe àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n sọ fún wọn pé abẹ á kàn jẹ owó wọn ni, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìrora ẹ̀. Patron ti tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n là á.

Ó wá ku ibi tí ò dáa. Èèyàn kan ni wọ́n kọ́, ẹnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun ò kọ́ nǹkan kan, ẹni láàbù ò kọ́ nǹkan kan, èmi gan-an, ìbínú patron ló kọ́ mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n ń béèrè extemporané, kí anapath wo ẹran ara nígbà tí aláìsàn ṣì ń sùn lórí tábìlì, kí wọ́n mọ̀ bóyá kí wọ́n gé sí i. A wo ara wa. Wọ́n béèrè ẹ̀rọ tó ń rán ìfun, mo gbé òwú àti abẹ́rẹ́ fún wọn. Kí ẹ tún wá wo ti ọmú: Veronesi ní Milan àti Fisher ní Amẹ́ríkà ti fi ìwádìí ogún ọdún hàn ní 2002 pé tí kókó ò bá tíì tóbi jù, obìnrin tí wọ́n yọ kókó fún tí wọ́n fi ọmú ẹ̀ sílẹ̀ ń pẹ́ láyé bí ẹni tí wọ́n gé gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ìtànṣán lẹ́yìn abẹ. Patron mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ ìtànṣán ò sí ní Àjàṣẹ́. Ẹni tí ò lówó tó máa fi rìn lọ síbi tó wà, gbogbo ọmú ló ń lọ, a sì ń rí i lójú patron pé ó ń dùn wọ́n.

Àwọn kan á ní ó dáa, kí ni wọ́n wá lọ fún, ẹni jẹjẹrẹ mú, ṣímíò ni tiẹ̀. Irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ Lancet Oncology sọ ọ́ ní 2015 pé nínú mílíọ̀nù 15.2 èèyàn tí jẹjẹrẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún yẹn, àwọn tó máa nílò abẹ lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó sì ń rí abẹ tó dáa, tó dé lásìkò, tí agbára wọn ká, ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Tèmi, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gba nọ́ọ̀sì kan mọ́ dókítà ni, mo fún un ní gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń bi mí, Amẹ́ríkà jìn, ọdún méjì ni tiwọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún iṣẹ́ abẹ gbogboogbò. Ẹ má fojú di Ifẹ̀, tí ẹ bá gba Ìgólò bọ́ sí Ìdí-Ìrókò ẹ ti ń lọ nìyẹn, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ti New York jọ ń ṣiṣẹ́ jẹjẹrẹ níbẹ̀ nínú ARGO, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ nílẹ̀ Áfíríkà, aláìsàn tibẹ̀ jọ tiwa, iná tibẹ̀ náà ń lọ bíi tiwa. Kí ẹ tó ríbi lọ, WebSurg ti IRCAD, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Strasbourg, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀, fídíò iṣẹ́ abẹ ló kún ibẹ̀, IRCAD sì ti wà ní Kigali náà láti 2023. Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan: ṣé ẹ máa fọwọ́ kan aláìsàn àbí ẹ̀yìn ni ẹ máa dúró sí tí ẹ ó máa wòran, torí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ ìran wíwò nìkan, ìwé ẹ̀rí wọn sì rẹwà gan-an.